Ọjọ́ Tí Mo Sọ Ọkọ̀ Bàbá Mi Di Oko

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun ní àdúgbò Elekahia. Obìnrin tó ń sun ún fi bébà tí wọ́n ti tẹ̀wé sí wé e fún mi, epo pupa sì ti rin ín kí n tó délé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń bu tiyín sínú ike, òórùn yẹn lè ṣàjèjì sí yín: èéfín, epo, àti ìwé tó ti gbó. Itọ́ a máa dà lẹ́nu ẹlòmíì bó bá gbọ́ ọ. Àyà tèmi já ni. Mo tú bébà náà, mo nu epo ojú rẹ̀, mo kà á tán pátá. Iṣẹ́ ìṣirò ọmọ ilé-ìwé kan ni. Ìgbà náà ni mo tó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màámi, ilé ìkàwé àwọn olùwádìí kan ní Port Harcourt níbí ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tẹ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, kí ẹni tó ń wá ìwé lè mọ pẹpẹ tó wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fún un kò ní àmì Yorùbá, nítorí náà bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á mú bírò pupa, á fi àmì sí orí àti ìdí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Madam Dot" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ó tutù, ó ń rùn káńfọ̀, bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì wà tó máa ń sùn lórí ìwé atúmọ̀ èdè lójoojúmọ́, tí yóò jí tí yóò sọ pé òun ń ronú ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Olùkọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ̀ jáde láyé rẹ̀ wà nínú jọ́nà kan, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwádìí wọn sí. Ó kọ nípa bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Òjò ti ba ẹ̀dà tiwa jẹ́ nílé. A ò mọ ibòmíràn tí òmíràn wà, àfi ilé ìkàwé Màámi. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí mo bá ti ilé-ìwé dé, Màámi á ṣí i sí ojú ewé náà, èmi á fi ìka tọ orúkọ bàbá mi. N kò wo ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí orúkọ jọ́nà fúnra rẹ̀ wà, rí.

Ìgbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Màámi ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni bẹ̀rù ajá àjèjì. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo gbójú. Nígbà ìsinmi ó ń ka káàdì, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

"Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ o," ó wí, ó sì jáde.

Orúkọ jọ́nà tó wà lórí káàdì tó kàn ni *Ọkọ̀*. Kọ̀ǹpútà kò ní àmì kankan, mo bá tẹ *Oko*. Ó béèrè ẹ̀ka ìmọ̀ tí ìwé náà jẹ́. Pidgin ló dùn lẹ́nu wa nígbà náà, mọ́tò là ń pe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ oko dáadáa, nítorí bí mo bá hùwà àìmọ̀kan, Màámi á ní, "Ṣé oko lo ti wá ni?" Mo fi ìwé náà sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Orí mi wú pé mo gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní gbogbo jọ́nà iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà lórí síídì, kí wọ́n kó ti bébà dànù. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Màámi na ọwọ́ sí ibi tí ìwé bàbá mi máa ń wà. Àlàfo ló bá. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì rí *Oko* ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀.

"Ta ló tẹ èyí?"

Ó yíjú sí Uncle Tonye, tó ń to ìwé sórí pẹpẹ, tó sì kó àwọn jọ́nà náà dànù. Ó jágbe mọ́ ọn, Màámi tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Madam, na wetin dey the list I follow o," ni Uncle Tonye ń wí. "List talk say na farm book."

N kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Èmi ni, mà."

Màámi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Uncle Tonye ló sọ fún wa pé oníbọ̀ọ̀lì kan ní Choba ló kó àwọn bébà náà. A wọ takisí, mo sì ń gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má rí bọ̀ọ̀lì jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Òkìtì jọ́nà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Obìnrin oníbọ̀ọ̀lì náà ti na ọwọ́ láti ya òmíràn.

"Abeg, my sister, no tear am!" Màámi pariwo. "My husband dey inside!"

Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó ń wo inú iná. Nígbà tó yé e, òun náà kúnlẹ̀ bá wa wá a. A rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ewé tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ bàbá mi kò sì sí.

"Na one student I give am with fish," ó wí. "E don enter bike go Aluu."

Màámi dúró sójú títì, ó ń wo ọ̀nà Aluu títí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú mi: *oko*, *ọkọ*, *ọkọ̀*. Ó ní kí n kà wọ́n. Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Nígbà tí ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé sórí ayélujára, Màámi fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán iṣẹ́ bàbá mi, ó sì fi gbogbo àmì sí àkọlé rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé Màámi ló bá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ó ní kó kọ èyí tó sọnù látorí. Màámi kọ̀.

"Ohun tí mo bá rántí, tèmi ni, sà. Kì í ṣe tirẹ̀."

Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Ewé tó gbẹ̀yìn sọnù.*

Lónìí, ẹni tó wà ní òkè òkun lè kà á lórí fóònù. Ẹ lè tẹ oko, ẹ lè tẹ ọkọ̀, ẹ̀rọ á mọ ohun tí ẹ ń wá, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ènìyàn ń kà á dé náà ni mo ń kà á dé: "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò gbé òun gúnlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo"

Màámi mọ ohun tó kàn. Ó gbé ogún ọdún sí i láyé kó tó kú, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu. N kò láyà láti bi í.