Ọ̀wẹ̀ Tí Wọ́n Bá Mi Ṣe

Oore ló pa oko mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo bọ́ sórí ilẹ̀ bàbá mi lọ́nà Odogbolu, mo ní kẹ́míkà kankan ò ní kàn án mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà ló kọ́ wa. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́wọ́ kẹ́míkà fún ọdún mẹ́ta, àwọn yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yóò sì máa ra ẹ̀fọ́ wa. A pọ̀ tá a jọ bẹ̀rẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ tá a fi ń ṣe ajílẹ̀ ń rùn, koríko ń hù, àwọn tó ń bá wa roko ti di ọlọ́kadà. Kálukú bá ń yọ́ lọ ra oògùn apakoríko. Lágbègbè wa, ó ku èmi nìkan. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Òun náà ni.

Ọdún kẹta ku díẹ̀ kó pé ni ọ̀kadà gbé mi ṣubú n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹsẹ̀ mi kán. Mo dùbúlẹ̀, mò ń ro koríko tó ń bo ẹ̀fọ́ mi, omi ń bọ́ lójú mi.

Àwọn tá a jọ pààlà oko gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bá a ṣe, tọkọ́ tàdá, kí igbó má baà gba oko rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà tó ṣáájú wọn pè mí lórí fóònù: “Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́la la ó bá yín tún un ṣe.” Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ta ní ń béèrè ohun tí wọ́n máa fi ṣọ̀wẹ̀?

Nígbà tí mo lè fọ̀pá rìn, kẹ̀kẹ́ gbé mi débẹ̀. Yéè! Gbogbo koríko àárín ebè ti gbẹ háúháú. Wọ́n ti ṣọ́ra, oògùn ò ta sí ẹ̀fọ́ kankan. Bí mo tilẹ̀ purọ́ fún ẹgbẹ́, ilẹ̀ ò ní bá mi purọ́. Ọdún mẹ́ta mìíràn nìyẹn, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta.

Àwọn tó bá mi ṣọ̀wẹ̀ ti dúró dè mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí ọpẹ́. Igún ṣoore, igún pá lórí: ike oògùn tí bàbá yẹn pọ̀n ti jò sí i lára, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Mo bá fi orúnkún kan kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́.

“Ẹ dìde, Tíṣà,” ni bàbá wí. “Igbó ò ní gba oko yín láéláé. Bó bá tún hù, a ó padà wá.”

Mo ní, “Àmín.”