Mo Sọnù Ní Lọ́kọ́ja, Mi Ò Sì Mọ Orúkọ Ẹni Tí Mo Lọ Kí

Ẹ fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀, mo sì ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, inú ń bí mi. Bí mo bá ń wẹ ọmọ, inú ń bí mi. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó tán níbẹ̀. Kò tíì tán o!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ará Ìyàrá ní Kogí sì ni ọkọ mi. Ṣakí là ń gbé nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Látìgbà tí mo ti bí Tèmídire ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé Lọ́kọ́ja ti ń pè wá pé òun fẹ́ fojú kan ọmọ náà. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, nítorí náà ó lẹ́tọ̀ọ́. Nígbà tí ọmọ pé oṣù márùn-ún, mo gbé e pọ̀n, mo wọkọ̀, ó di Lọ́kọ́ja. Ọkọ mi ò ráyè bá wa lọ.

Ẹ dúró ná, nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí ẹ tó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bó bá ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, ìwọ lo máa wá orúkọ mìíràn tí wàá máa pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, torí eyín rẹ̀ funfun dáadáa. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe. Ọkọ ẹ̀gbọ́n yẹn, Bàbá Dáre ni mo bá gbogbo ayé pè é. Ọkọ mi gan-an, "Sister" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí i? Ọdún mẹ́ta tí mo ti délé wọn, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni orúkọ wọn gan-an. Kí n tilẹ̀ béèrè, àrífín ni lójú tèmi.

Lokongoma ni wọ́n ń gbé, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Eyínfúnjowó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹta ni Akọ̀wé ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé mo wá sí Lọ́kọ́ja, mi ò rí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Inú mi dùn. Látìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tíṣà ti ń yà á fún wa lára pátákó.

Àmọ́ mo kìlọ̀ fún un. Mo ní Tèmídire kì í gba fíìdà. A ti gbìyànjú fíìdà oríṣiríṣi, ńṣe ló ń tu ú dà sí wa lára. Ọmú nìkan ló mọ̀, kì í sì í ju wákàtí mẹ́ta lọ tó fi máa béèrè rẹ̀. Akọ̀wé ní kí n má ṣèyọnu, a ò ní pẹ́ rárá. Mo fún ọmọ lọ́mú yó, ó sùn, mo gbé e fún Eyínfúnjowó. Mo ti pa ohùn fóònù mi kó má baà jí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí fóònù yẹn.

A rí odò náà ní tòótọ́. Omi méjì tí àwọ̀ wọn ò jọra, tí wọ́n jọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tó ń bára wọn yodì. Ó wù mí gan-an. Akọ̀wé ní kí n gbé fóònù mi wá kí òun fi yà mí, torí kámẹ́rà tòun ò dáa. Ó yà mí níwájú, ó yà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ a gba Old Market kọjá kí n lè rí bí ibẹ̀ ṣe rí.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi gun ọ̀kadà dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá yíjú sí mi pé kí n dúró lábẹ́ ibòji ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fìtílà, pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni, òun ń bọ̀. Ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n lọ. Ìgbà tí ọ̀kadà yà ní kọ́nà ni mo tó rántí pé fóònù mi wà lápò rẹ̀.

Mo dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo dúró fún wákàtí kan gbáko! Èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ Igala, wọ́n ń sọ Ebira, wọ́n ń sọ Hausa, èmi ń wo kọ́nà. Mo bẹ onífìtílà kó yá mi ní fóònù rẹ̀, ó yá mi. Ta ni kí n wá pè? Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́, nọ́ńbà ta lẹ mọ̀ lórí lóde òní? Tèmi nìkan ni mo mọ̀. Mo pe ara mi ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ìpè ń wọlé lápò Akọ̀wé, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo ti pa ohùn rẹ̀.

Mo wo aago onífìtílà. Ó ti lé ní wákàtí méjì ààbọ̀ tí mo ti fún ọmọ lọ́mú. Mo dá kẹ̀kẹ́ dúró, mo ní Lokongoma. Ọkùnrin tó ń wà á, Nupe ni, ó bi mí ní Pidgin pé Phase wo, ìyẹn apá Lokongoma wo, ni? Mi ò mọ Phase kankan. Mo ní kó ṣáà máa lọ, pé tí mo bá rí ilé náà màá mọ̀ ọ́n. Géètì dúdú ló ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, gbogbo géètì Lokongoma ló dúdú.

A yí, a yí, a tún yí. Níbi tí a bá dúró sí láti béèrè, ìbéèrè kan náà ni: ilé ta ni? Mo ní ilé Bàbá Dáre tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì. Wọ́n ní ìdá mẹ́ta àdúgbò yìí nínú mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Mi ò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo la ẹnu. Eyínfúnjowó nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Ọ̀kan ní bóyá olórin ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní obìnrin wo ló máa wá kí èèyàn tí kò ní mọ orúkọ onítọ̀hún? Ó ní àwọn tó ń wá ilé tí wọ́n máa jà lólè náà máa ń múra bíi tèmi. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀ kí òun tó pariwo. Èmi! Ìyá ọlọ́mọ! Ọmú mi ti ń dà nígbà yẹn, búláòsì mi ti rin níwájú, mo sì fi ọwọ́ bò ó bí ẹni tó jí nǹkan pa mọ́ lóòótọ́. Mi ò ní kí n má bú u. Mo bú u dáadáa ní èdè Ọ̀yọ́, ó sì gbọ́.

Oníkẹ̀kẹ́ náà ní òun máa lọ kírun, ó sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹkún sì gbà mí. Mò ń sunkún, inú sì tún ń bí mi sí ẹkún tí mò ń sun.

Ìyá aránṣọ yẹn jáde. Ọmọ Kàbà ni, ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ní, "Ọ̀kun o," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí èèyàn. Lẹ́yìn náà ó wo àyà mi, kò bi mí ní nǹkan kan, ó wọlé lọ mú ìró wá, ó fi bò mí. Ó wá béèrè pé oṣù mélòó ni ọmọ náà? Mo sọ fún un. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un, ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

Kò tilẹ̀ béèrè orúkọ. Ó ní ìlú wo ni ọkọ mi ti wá? Mo ní Ìyàrá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Mo rántí pé lálẹ́ àná, Ègbè ṣáá ni Bàbá Dáre fi ń yangàn lórí oúnjẹ. Mo ní Ègbè. Ìyá náà ní ó tán. Àwọn obìnrin ilé Ègbè tó wà ní Lokongoma máa ń ṣe ìpàdé, òun sì ń rán aṣọ fún wọn. Ó gbé fóònù. Ó ní òun ń wá ará Ègbè kan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìyàrá, tí àlejò ọlọ́mọ wà nílé wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ò mọ̀. Ẹnì kejì ò gbé e. Ẹnì kẹta ní, "Ilé Olúfúnkẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti ń wá ìyàwó wọn kiri láti àárọ̀."

Olúfúnkẹ́. Ọdún mẹ́ta, inú fóònù aránṣọ ni mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ilé náà ò ju òpópónà mẹ́ta lọ síbẹ̀. Mo ti gba iwájú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì! Ìyá aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sìn mí délé. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ohùn Tèmídire, ó ti há. Eyínfúnjowó gbé e sáyà, òun náà ń sunkún, ṣíbí omi àti ife wà nílẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti fún un ní nǹkan mu. Mo já ọmọ gbà. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà di ọmú mú, ó ń fà á, ó tún ń ṣe òsúkè láàárín.

Akọ̀wé wà lórí àga. Ó ní, ibo ni mo lọ? Ó ní òun padà síbẹ̀, òun ò bá mi, pé ṣebí òun ní kí n dúró? Ó na fóònù mi sí mi. Mi ò gbà á, kó má di pé mo fi lù ú.

Ibi tí mo ti fẹ́ dárí jì wọ́n ni Akọ̀wé ti sọ èyí tó bà á jẹ́. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ o. Ó ní àwọn ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun àti Sister, láti lọ fi tó wọn létí pé mo sọnù. Ọlọ́pàá mú gègé, ó ní kí ni orúkọ rẹ̀? Sister ní ìyàwó àwọn ni. Ọlọ́pàá ní òun gbọ́, orúkọ ńkọ́? Sister wo òun, òun wo Sister. Wọ́n pe ọkọ mi, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àfi tó bá ṣíwọ́. Wọ́n yẹ fóònù tèmi wò, ó wà ní títì, kò sì fi nọ́ńbà ẹni tó ń pè hàn. Níkẹyìn, ọlọ́pàá kọ "Ìyá Tèmídire" sílẹ̀.

Ó ní ọ̀rọ̀ náà pa ọlọ́pàá lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó. Èmi, ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi ló dí mi lẹ́nu. Mo rò pé bí mi ò bá pe orúkọ wọn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Kí ló dí tiwọn lẹ́nu? Ta ló ní kí wọ́n má pe tèmi? Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí wọn, tí mo ń fi gààrí àti ẹlùbọ́ ránṣẹ́, "Ìyàwó" ni mí. Bí mo bá kú sínú odò yẹn lọ́jọ́ náà, orúkọ ọmọ oṣù márùn-ún ni wọn ì bá fi wá òkú mi.

Mo gbé ọmọ sí apá kejì. Mo ní, "Adérónkẹ́ ni orúkọ mi."

Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ pè é. Eyínfúnjowó ní òun tọrọ àforíjì, ó sì pè é, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Akọ̀wé ò pè é. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, "Ìyàwó" ló ń pè mí.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Mi ò ní sọ pé mo ti di ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ lójú rẹ̀, ẹnu mi ò lè gbé e. Àmọ́ mo ti kọ orúkọ gbogbo wọn àti ti bàbá wọn sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àdírẹ́sì, ó sì wà nínú báàgì mi. Fóònù mi ò tún ní bọ́ sápò ẹlòmíràn láé. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń kà á, ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lónìí pé kí ni orúkọ ìyàwó yín. Ẹ má dá a lóhùn ṣáájú o, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ńkọ́? Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ Ìyá Lágbájá kankan. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.