Ọ̀gá Ọkọ̀ Pààrọ̀ Ohùn

Ọdún tí mo wọ ilé ọkọ ní Ìwó ni ọkọ mi ra rédíò oníbátìrì. Kòkó ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Kúta àti Olúpọ̀nnà, ọdún náà sì dára fún un. Ó gbé rédíò náà sórí tábìlì ní pálọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi òun àti ìyá òun.

Ìyá rẹ̀ kò ríran. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí n tó dé ilé náà, nítorí náà kò mọ bí mo ṣe rí. Ohùn mi ló fi mọ̀ mí, àti ìró ẹsẹ̀ mi. Èmi náà kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi púpọ̀, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Màá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, màá gbé omi ìwẹ̀ fún un, màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó parí. Ìyàwó tuntun ni mí, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò sì ni òun.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, eré kan máa ń wáyé lórí rédíò. Alágbẹ̀dẹ kan ló fi irin kan ọkọ̀ tó ń fò, tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ̀ ọ́ lọ sí òṣùpá, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sórí ìràwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀gá Ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe alágbẹ̀dẹ náà. Lórí ìràwọ̀ kan, àwọn ará ibẹ̀ kì í sùn. Lórí òmíràn, ilẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ lọ sókè. Pálọ̀ wa máa ń kún, àwọn ọkùnrin lórí àga, àwa obìnrin lórí ẹní. Ìyá máa ń sún mọ́ rédíò débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ọ̀gá Ọkọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ohùn ọkùnrin náà nípọn, ó sì ń falẹ̀, bí ẹni tó ru ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ òkè.

Ní Jímọ̀ kan, Ọ̀gá Ọkọ̀ la ẹnu, ohùn ẹlòmíràn ló jáde. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ó mú, ó sì ń sáré. Nínú eré, wọ́n ní ó wẹ̀ nínú odò kan lórí ìràwọ̀, odò náà ló yí i lóhùn padà. A wo ara wa lójú, eré sì ń lọ.

"Ta nìyẹn?" Ìyá bi wá.

"Ọ̀gá Ọkọ̀ ni, Ìyá," ọkọ mi dáhùn. "Ó jọ pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"A ò mọ̀. Bóyá ó ríṣẹ́ mìíràn."

"Odò wo ló ń yí ènìyàn lóhùn padà?"

Àfáà kan wà ládùúgbò wa tí kì í pa eré náà jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kò sí Ọ̀gá Ọkọ̀ níbì kankan. Ènìyàn ló jókòó tó ń ka ìwé síwájú ẹ̀rọ."

"Mo mọ̀," Ìyá ní. "Ojú mi ló fọ́, làákàyè mi ò fọ́. Ojú lẹ̀yin fi ń mọ ènìyàn, ohùn lèmi fi ń mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá mú ọmọ ọlọ́mọ wá bá yín lọ́la, tí wọ́n ní ọmọ yín ni, ṣé ẹ ó gbà?"

Ìyá dìde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò yọjú sí pálọ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó wá jókòó tì mí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Ṣé wọ́n jáde nínú ọ̀gbun yẹn?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Ọ̀gá Ọkọ̀ àti àbúrò rẹ̀ ti já sínú ọ̀gbun lọ́jọ́ tí Ìyá bínú jáde.

"Wọ́n jáde, Ìyá."

"Báwo?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ n dákẹ́. Kí ni wọ́n fi gòkè? Kí ni àbúrò rẹ̀ sọ? Nígbà tí ẹ̀gúsí fi tán, mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ti gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò pẹ́ tí mo fi ń sín ohùn wọn jẹ, ohùn àkọ́kọ́ tó nípọn yẹn ni mo sì máa ń fún Ọ̀gá Ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń gbéra, màá ní, "Ayé, dúró dè mí o!" Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Ẹ̀rù Ìyá kò sì bà mí mọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n kéde pé àwọn òṣèré náà fẹ́ sinmi, àti pé wọn yóò tún máa gbé èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọkọ mi sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ní Jímọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ìyá ló kọ́kọ́ jókòó ní pálọ̀, ó ti wẹ̀, ó sì ti wé gèlè tuntun.

Ohùn ti àtijọ́ dé, Ìyá sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń lọ, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Ohùn náà kò nípọn tó bí gbogbo wa ṣe rò. Ọkùnrin náà wúkọ́ níbì kan, ó ṣi ọ̀rọ̀ pè níbòmíràn. Ọkọ̀ gbéra. Ìyá na ọrùn síwájú. Ariwo irin nìkan la gbọ́.

"Kò sọ ọ́," Ìyá ní.

"Kí ni, Ìyá?" ọkọ mi bi í.

"'Ayé, dúró dè mí o.' Kò sígbà tó ń gbéra tí kì í sọ ọ́."

"Òótọ́ ni," Àfáà ní. "Mo rántí dáadáa. Ó máa ń sọ ọ́."

Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ. Mo wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá.

"Ìyá, èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Kò sí nínú eré."

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí ó fi di ìhà rẹ̀ mú. "Àfáà sì rántí dáadáa," ló ń wí. "Má sọ fún un o. Jẹ́ kó máa rántí lọ."

Nígbà tí wọ́n tún dé ibi tí ohùn ti yí padà, Ìyá kò dìde. Ó tẹ́tí sí ọ̀dọ́kùnrin náà dé ìparí. "Ó ń sáré jù," ló wí, "ṣùgbọ́n kò burú." Síbẹ̀, tí Àbámẹ́ta bá dé, ó ṣì ń ní kí n sọ ọ́ fún òun, bó tilẹ̀ ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Àwọn òṣèré náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ìgbà ọyẹ́ sì ni eré náà parí pátápátá. Ọ̀gá Ọkọ̀ padà sílé, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ fẹ́ ọkọ lọ́hùn-ún, kò sì bá a bọ̀. Oyún àkọ́bí mi ti yọ nígbà náà. Inú bí Ìyá gan-an sí ìparí yẹn. Ó ní ta ni yóò máa bá ọmọbìnrin náà wẹ ọmọ, tó bá bímọ sí irú ibẹ̀ yẹn.