Wáyà Mẹ́rin Ọkọ̀ Bàbá Wọn

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má bá mi tún un ṣe.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ẹ̀pẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Lásunwọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, òun nìkan ló sì kù nínú ilé bàbá wa. Nígbà tó máa gbà, ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ká wá, pé bílẹ̀ bá ṣú kóun tó rí wa, òun ń tú ẹrù òun nìyẹn. Kì í gbé fóònù. Mo sì mọ̀ ọ́n: tó bá tú u, kò ní dì í mọ́.

Kò lè wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ la fẹ́ fi gbé e, torí iwájú rẹ̀ láyè tí arúgbó lè na ẹsẹ̀ sí. Ọmọ mi kejì tó ń wà á ní kó mọ́ tónítóní ká tó lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ wáyà mẹ́rin tó ń gbé iná lọ sórí àwọn púlọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó dá wọn padà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó yìnbọn gbàù, kò jí. Adìẹ gbogbo àdúgbò sá.

A pe mẹkáníìkì kan wá láti ẹ̀yìn gáréèjì. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó fi kan irin, ó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Iná ṣẹ́ yọ. Ó ní iná wà, epo náà ń dé. Àfi kó jẹ́ pé ibi tí kò tíì kàn niná ń lọ. Ó bi ọmọ mi bó ṣe to wáyà. Ọmọ mi ní ẹ̀kíní, ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tò ó bí ẹni ń pín ẹran, àgbà síwájú. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bàbá wọn, tó bá ń tún un ṣe níwájú ilé, àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń pè bó ṣe ń ki wáyà kọ̀ọ̀kan bọlé: àkọ́bí, ẹ̀kẹta, àbíkẹ́yìn, kó tó wá kan ẹ̀kejì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń jí láàárọ̀ nìyẹn. Mo rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré ni. Mo sọ fún mẹkáníìkì. Ó ní bóun náà ṣe rò pé wáyà ń tò nìyẹn, ṣùgbọ́n ká wò ó ná. Ó fi ìka dí ihò púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, wọ́n ń rọra yí ẹ́ńjìnnì títí atẹ́gùn fi ti ìka rẹ̀. Ó wo ibi tí irin kékeré tó ń pín iná kọjú sí lábẹ́ ìdérí tí wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń jáde, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó: kíní, kẹta, kẹrin, kejì.

Mo wo ọmọ mi. "Ìwọ lo gbẹ̀yìn. Bàbá ẹ ti sọ ọ́."

"Màámi, oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì jí. Mo ṣàdúrà fún mẹkáníìkì yẹn títí a fi kọjá Ìtóìkin.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tá a dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kókó tó fi dì í. Ó bi wá pé ta ló dá wa dúró.

Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Ìyá Ẹ̀pẹ́. Mo pẹ́ jí."

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fa kókó yẹn le padà. Iyàrá kejì ló wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń hanrun. Alihamudulilai.