Ẹni Tí Yóò Máa Tọ́jú Omi ní Máàsì

Ọkọ mi kì í yin ènìyàn. Ó di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí a ti jọ ń gbé, mi ò tíì gbọ́ ọ rí kó sọ pé iṣẹ́ ẹnì kan dára. Pulọ́mbà ni. Bí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá so páìpù tán, tó nu ọwọ́, tó ń retí kí ọ̀gá kí òun kú iṣẹ́, ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀, á wo ojú ibi tí wọ́n so, á ní, "Tú u." Ọmọṣẹ́ á tú u, á tún un so. Bí omi ò bá tilẹ̀ kán rárá, á tún ní kó tú u. Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ di Bàbá Tú-u. Èmi náà ti fara gbá nínú rẹ̀. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ fẹ́ra, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó, ó ní kí n tú u. Mo ní kó lọ sùn sílẹ̀, ó sì sùn sílẹ̀ lóòótọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ Máàsì, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyọnu náà wọlé, kò sì mọ̀ pé ìyọnu ni.

Iléeṣẹ́ kan ló wá bá a, iléeṣẹ́ àwọn aládàáni, kì í ṣe ti ìjọba. Wọ́n fẹ́ kó ènìyàn mẹ́jọ lọ sí Máàsì, ayé mìíràn tó jìnnà débi pé oṣù méje ni wọn yóò lò nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó débẹ̀. Wọn kò lọ ṣe àbẹ̀wò o. Wọ́n ń lọ gbé ibẹ̀ ni, wọn kò sì ní padà. Wọ́n ti gba ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ń kó àga sí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn òpópónà àwọn tó ń ta táyà, wọ́n sì kọ́ ilé kan sínú rẹ̀ tó jọ èyí tí wọn yóò máa gbé lọ́hùn-ún. Kò ní fèrèsé. Òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ènìyàn lórí, ògiri rẹ̀ jẹ́ ike funfun, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ní sì máa ń pa dé bí ilẹ̀kùn fíríìjì. Omi tí ará ilé bá mí síta, èyí tó bá fi làágùn àti èyí tó bá tọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kó jọ, tí yóò sẹ́, tí wọn yóò tún mu. Èmi ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ ní ilé ìwòsàn, mo mọ ohun tí omi ìdọ̀tí jẹ́. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn èèyàn àwọn ní iṣẹ́ páìpù. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ibi tí kò ti sí omi rárá, pulọ́mbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́, kó tó gba iṣẹ́ náà.

Nínú àwọn mẹ́jọ, méje ti ní iṣẹ́ tiwọn: dókítà wà níbẹ̀, ẹni tó máa gbin nǹkan wà níbẹ̀, oníná wà níbẹ̀. Ẹni kẹjọ ni yóò máa tọ́jú omi, ẹni méjì sì ń du àyè náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọkùnrin kan tí ọkọ mi sọ ní Oníwèé nítorí ìwé ẹ̀rí tó ní. Èkejì jẹ́ obìnrin. Wọ́n ti obìnrin náà mọ́ inú ilé aláìnífèrèsé yẹn fún ọjọ́ méjì kí wọ́n fi dán an wò, ló bá gbá ilẹ̀kùn títí wọ́n fi ṣí i fún un. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, kò padà wá mú bàtà rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa, tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, tó sì máa ń tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, gba fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé iléeṣẹ́ ni a fi mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ọkọ mi pé ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò dán wò, ǹjẹ́ ó lè fi òtítọ́ ṣe é? Ó kà á nídìí oúnjẹ, ó ká a, ó fi sábẹ́ àwo. Mo ní kó fún mi.

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo bi ọmọ náà pé kí la fi ṣe é. Ó ní a ò fi nǹkan kan ṣe òun, ìyẹn gan-an ló wá dùn mí jù, torí ká ní ó ń sá fún nǹkan ni, ǹ bá tún nǹkan náà ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ara rẹ̀ dá ṣáká, kò sí ẹni tó já a kulẹ̀. Ó kàn fẹ́ iṣẹ́ náà ni.

"Màámi, níbí, bí mi ò bá wá, wọ́n á pe ẹlòmíràn," ó ní. "Lọ́hùn-ún, èmi nìkan ni wọ́n ní."

Ó ní a ó máa fi fídíò ránṣẹ́ síra wa. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa ń yá tó. Ó ní nígbà mìíràn ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, kí èsì náà sì tún lo ogún ìṣẹ́jú kó tó padà. Ìyẹn ni pé bí mo bá kí ọmọ mi ní àárọ̀, mo máa wẹ̀, mo máa múra, mo máa dé ibi iṣẹ́ kó tó jẹ́ mi.

Mo wá kọjú sí ọkọ mi, nítorí òun ni yóò kọ ọ́ sí ìwé bóyá ó yege tàbí kò yege.

"Ẹ bà á jẹ́," mo ní. "Ẹ ba páìpù yẹn jẹ́ débi pé ẹ̀yin gan-an ò ní lè tún un ṣe."

 Ó ń nu àwọn sípánà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oníwèé ló kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tirẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n máa ń fúnni nínú ilé náà, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ mẹ́ta, láìsí fóònù. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí àkókò tó pé. Oníwèé rí ibi tó ń jò, ó wá dúró síwájú kámẹ́rà, ó ní kí wọ́n bá òun ra ohun èlò mìíràn wá, ó tún ń ka nọ́ńbà tó wà lára èyí tó bàjẹ́ fún wọn. Ọkọ mi bi í láti ìta pé ṣọ́ọ̀bù wo ló wà ní Máàsì. Títí àkókò fi pé, omi wà nílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ ti fẹ́ fọwọ́ síwèé, ní ó gbìyànjú, pé bí ọmọ wa kò bá yege, Oníwèé náà ni wọn yóò mú lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó sínú yàrá kékeré kan níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń fi inú ilé náà hàn. Ọkọ mi wà lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú ìwé lórí itan. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ mi rí ibi àkọ́kọ́ tó ń jò lábẹ́ báfù ìfọwọ́, ó tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó rí èkejì lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù. Omi ṣì ń bọ̀. Mo wo ọkọ mi, kò wò mí, mo sì mọ̀ pé ó ti ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ la nọ́ọ̀tì kan tó ń so páìpù pọ̀, ó fi sẹ́yìn ògiri, ó pa ògiri dé, ó kun ojú rẹ̀, ó sì yọ irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àpótí. Ọkùnrin tí kò fi iṣẹ́ burúkú pa mọ́ rí láyé rẹ̀. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tó di aago méjìlá, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé kó jókòó síbẹ̀. Ló bá dìde, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ògiri, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó ń wá ibi tó tutù jù. Ó dúró. Ó fi ìdí sípánà fọ́ ike náà, ó rí nọ́ọ̀tì. Ó tú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, kò rí òmíràn. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gé rọ́bà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi dì í, ó fi wáyà fún un pinpin. Ó wá nu ilẹ̀. Wákàtí kan ṣì kù.

Ọkọ mi wọlé lọ bá a. "Tú u," ó ní.

Ó tú u, omi tú sí i láyà, ó tún un so. Ọkọ mi fi ìka gba abẹ́ rẹ̀, ìka náà gbẹ. Ó ní kó tún un tú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ wúkọ́, ó ní èyí kò sí nínú ìlànà. Ọmọ náà tú u, ó tún so ó. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó tú u lẹ́ẹ̀kẹta, kò mira.

"Bàbá, mo lè máa tú u títí ilẹ̀ á fi ṣú," ó ní. "Kò ní jò."

 Ọkọ mi padà wá bá wa, ó kọ ọ́ pé ọmọ náà yege, ó sì na ìwé náà sí obìnrin yẹn.

A wọ ọkọ̀, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú mi dà sí i lára. Mo ní ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó kọ, "kò yege," kò sì ní pa á lára. Ó ń wakọ̀ lọ títí a fi kọjá ilé ìwòsàn, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ọkọ̀.

"Oníwèé ni wọ́n máa mú," ó ní. "Kí oṣù mẹ́ta tó pé, omi á tán, àwọn méje yẹn á kú. Àwọn náà ní ìyá." Ó tún ní, "Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

Inú bí mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró kó yin ènìyàn kan, ọjọ́ yìí ló wá mọ̀ ọ́n ṣe. Mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi. Mo wá bi í ní ohun tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rò ó.

"Lọ́jọ́ tí ibà bá dá ọmọ mi dùbúlẹ̀ ńkọ́, tí páìpù bá bẹ́? Ta ló máa dìde?"

Ó ní àwọn méje yòókù mọ bí wọ́n ṣe ń ti omi pa. Mo ní ṣé ìyẹn nìkan. Ó ní ìyẹn nìkan. Mo ní kó yí ọkọ̀ padà.

Mo ní kí ọ̀gá iléeṣẹ́ jẹ́ kí àwọn méje yòókù náà kọ́ iṣẹ́ páìpù, ó ní kò sí àyè nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn. Mo ní ilé ìdáná wà nílé mi, ọjọ́ Sátidé kò sì sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèje ti ń wá, tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ omi mi palẹ̀, tí wọ́n ń so ó pọ̀. Ilẹ̀ mi kì í gbẹ, ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi ti rà. Ọkọ mi ń bá wọn jà, ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ló ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn.

Sátidé tó kọjá, dókítà, obìnrin tó fi ọdún díẹ̀ ju ọmọ mi lọ, so ìdí ẹ̀rọ náà, omi kò kán. Ọkọ mi wò ó, kò ní kó tú u, ó jáde lọ sí àgbàlá. Mo ní kí obìnrin náà tún un tú. Ó tú u, ó tún un so, mo ní kò tíì tó. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mà, ìgbà wo lẹ máa gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ìgbà tí mo bá lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ọ," mo ní.

Ó wò mí, ó mú sípánà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.