Ilé Pákó Ìyá Oko

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kéké kọjá níwájú àwọn onípákó ní Ìjẹ̀bú-Òde, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì gba imú mi kan. Ọmọ tó ń wa kéké ń ráhùn pé eruku ń kó sí òun lójú. Èmi ní kó rọra máa lọ. Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ti jókòó sórí ìtì igi nínú oko ìyá tó bí màmá mi, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ní àsìkò tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo wa máa tò sórí ìlà kí a tó wọ mọ́tò.

Ìyá Oko ni a ń pe ìyá náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe yàrá fún un ní ìlú, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì péré, á ní ara ń ro òun. Àárín igi obì àti kòkó rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń yá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò wó ahéré alámọ̀ tó ń gbé lóko, àkọ́bí rẹ̀, Bọ̀dá Láńre, sì ní oko ti parí nìyẹn. Sìmẹ́ńtì ni Bọ̀dá Láńre ń tà, kò sì ka ohunkóhun tí kò bá ní sìmẹ́ńtì nínú sí ilé. Ìyá Oko kò bá a jà. Ó kàn ń wo ẹ̀kọ tí a gbé síwájú rẹ̀ títí yóò fi tutù ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí púpọ̀.

Bàbá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Tíṣà iṣẹ́ igi ni, àna Ìyá Oko sì ni. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ ilé pákó kékeré kan fún un sínú oko. Bọ̀dá Láńre ronú, ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá kan ẹní Màmá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mò ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí ìlú.”

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá mi fi ya ilé náà sórí káádíbọ́ọ̀dù. Ìyá Oko gbà á, ó dà á kodò, ó tún dà á síbí. “Ó dára o, Tíṣà. Èmi wá dà níbẹ̀?” Bàbá mi bá kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó ta okùn yí i ká, ó ní kí Màmá wọ inú rẹ̀ wò. Ìyá Oko kò kàn wọ inú rẹ̀, ńṣe ló dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ewé! Kíá ni bàbá mi yí ẹ̀yìn padà. Ọkùnrin wo ni yóò máa wo ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀? Èmi ni mo wá di ojú rẹ̀. “Bàbá, ẹsẹ̀ wọn yọ síta.” Yóò rìn sẹ́yìn sẹ́yìn, yóò sún èèkàn. Ìyá Oko yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú ìkòkò, ó jókòó bí ẹni tó ń bó obì. Bí ilé náà ṣe rí ìwọ̀n nìyẹn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba.

Ìyá Oko ní a kò gbọdọ̀ gé igi tó ń mí. Igi afàrà kan tí ìjì ti wó lọ́dún tó ṣáájú ni àwọn káfíńtà tí bàbá mi mú wá là sí pákó, àwọn òpó ahéré àtijọ́ ni wọ́n sì fi ṣe ẹsẹ̀ ilé, kí ikán má baà rí i gùn kíákíá. Bàbá mi kórìíra ìfiṣòfò, nítorí náà bóòtù tí wọ́n ń fi sípánà dì ló fi so ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kì í ṣe ìṣó, pé bó bá di ọjọ́ kan, a lè tú u ká fi ṣe nǹkan mìíràn. Ó kọjú ilẹ̀kùn sí ọ̀nà, ní ìlà oòrùn, kí Màmá lè máa rí àlejò. Ìyá Oko wo ilẹ̀kùn náà pẹ́. Ó wúkọ́. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà.” Bàbá mi rí i pé ojú rẹ̀ kò tú ká, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọ̀rọ̀ wá àna lẹ́nu wò?

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà, ó sì rẹ ẹní náà gbingbin. Nígbà tí gbogbo wa fi dé oko láàárọ̀, Ìyá Oko ti di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí ẹsẹ̀. Bọ̀dá Láńre kò tilẹ̀ fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlà oòrùn ni ìjì ti ń wá níbí?”

“Láti kékeré mi.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi!”

“Àna mi ni yín. Ṣé kí n dójú tì yín lójú àwọn káfíńtà ni?”

Báyìí ni ọ̀wọ̀ àwọn méjèèjì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyá arúgbó kúrò lóko rẹ̀.

Bàbá mi tọrọ ọjọ́ náà lọ́wọ́ Bọ̀dá Láńre títí di ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀. Ó tú bóòtù, ó ní kí a gbé ògiri ẹ̀yìn wá síwájú, kí ti iwájú tó ní ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn, ní ìwọ̀ oòrùn. Bọ̀dá Láńre wò wá títí, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé igun kan. Bàbá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé sìmẹ́ńtì yín máa ń yíjú báyìí?” Ní ìrọ̀lẹ́, òjò mìíràn dé. Bọ̀dá Láńre jókòó sínú ilé náà títí ó fi dá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹní náà káàkiri. Gbígbẹ ni. Ó fa ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó sì tú u fúnra rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Oko lò níbẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a sì bá a lẹ́nu ọ̀nà wa ní ìlú pẹ̀lú àpò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ mú un wá. Ó ní, “Ó tó. Yàrá yẹn dà?”

Bàbá mi tú ilé náà, ó fi pákó rẹ̀ ṣe àga fún ilé ìwé. Ọ̀nà mọ́tò ti gba àárín oko obì kọjá báyìí, ilé búlọ́ọ̀kù sì pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ mí lẹ́nu, àwọn ọmọ mi ń jíròrò ibi tí wọn yóò gbé mi lọ. Yàrá kejì ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ rí mi fín. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Èmi náà kò fẹ́ dójú tì wọ́n, mo ń dákẹ́. Lánàá, mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì jókòó sáàárín wọn.