Ilé Ìkìrun Tó Wọ Inú Géèmù

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni Màmá Títílayọ̀ Ògúnmọ́lá. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń gbé pẹ̀lú Ẹ̀ríolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nínú ilé gogoro kan ní Etobicoke. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló wá ṣe ní Kánádà, á ní ọmọ lòun tẹ̀ lé wá. Tẹ́ ẹ bá tún bi í pé ìgbà wo ló máa padà sílé, á ní ó dọjọ́ tí wọ́n bá kan òrùlé. Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí ká a lára ju orúnkún tó ń dùn ún lọ.

Ìdí sì wà ńbẹ̀. Iwájú ilé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Ìkìrun ni wọ́n sin ọkọ náà sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yẹn, ti Màmá ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjì ti ká páànù lọ, kò sẹ́ni tó gbébẹ̀ mọ́, ẹbí sì ti là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ò ní í sin èèyàn sínú ahoro. Kí Màmá tó lè sùn ti ọkọ rẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ lórùlé, kó sì lẹ́ni tí ń gbá ojúde rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Bó bá sì ti tọrọ ẹ̀, "We'll see, Mummy" lọmọ ń dá a lóhùn.

Àfi lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, tí Ẹ̀rí tibi iṣẹ́ dé, tó jókòó tì í.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá Gàfárù kí wọ́n ya fọ́tò ilé Ìkìrun. Gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀. Ibi tí ògiri ti là, ibi tí koríko ti hù, ilẹ̀kùn tó ti jẹrà. Kí wọ́n má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná. Ta ni wọ́n máa sọ irú èyí fún tí kò ní í kúnlẹ̀ dúpẹ́? Nílé tiwa, ẹni tó bá ní kí wọ́n ya ibi tí ògiri ti là wá, bíríkìlà ló fẹ́ fi hàn. Màmá sunkún ayọ̀. Ó pe Gàfárù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan nìyẹn fi ṣán igbó kó tó rọ́nà wọlé, ó sì ya fọ́tò tó lé ní igba. Màmá pe olórí ẹbí, ó pe ìyá ìjọ, ó pe ẹni tó yẹ kó pè àtẹni tí kò yẹ. Ẹ̀rí fẹ́ tún ilé bàbá ẹ̀ ṣe. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọn kì í gbàdúrà fún ọmọ náà nílé.

Iṣẹ́ Ẹ̀rí ńkọ́? Géèmù ni wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ wọn, òun ló ń ya àwọn ilé inú ẹ̀. Ó ti ṣàlàyé èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ fún Màmá rí: pé lọ́dún 1986, iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì kan bú gbàmù nílùú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Chernobyl, májèlé bo gbogbo àgbègbè náà, wọ́n kó àwọn ará ìlú jáde, wọn ò sì padà gbébẹ̀ mọ́. Látìgbà yẹn, ayàwòrán ń ya ahoro ọ̀hún, olórin ń fi í kọrin, onígéèmù ń fi í ṣe géèmù.

"Àwọn tó ni ìlú wá ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Ìjọba máa ń jẹ́ kí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti wá wo sàréè àwọn èèyàn wọn."

Àánú àwọn èèyàn tí kò rí rí yìí ṣe Màmá gan-an.

Nígbà tí géèmù náà parí lóṣù kẹta ọdún yìí, iléeṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ kálukú mú ẹbí rẹ̀ wá wòran. Màmá wé gèlè, ó wọ kóòtù òtútù, Ẹ̀rí sì fi mọ́tò gbé e lọ sáàárín ìlú Toronto. Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, orin arò kan bẹ̀rẹ̀, àwòrán sì yọ lára ògiri. Ọkùnrin kan tó fi nǹkan bo imú, tó gbé ìbọn dání, ń rìn nínú igbó, ó sì yà sílé kan. Màmá ti mọ ilẹ̀kùn yẹn kí wọ́n tó ṣí i. Ọkọ ẹ̀ ló kùn ún. Ó mọ ògiri ilé ìdáná tí èéfín iná ọwọ́ ara rẹ̀ ti sọ di dúdú. Oníbọn náà sáré bọ́ síta, ó ba sẹ́yìn sàréè kan, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ń yìnbọn. Wọ́n ti pa orúkọ ara sàréè náà rẹ́, ṣùgbọ́n sàréè Ògúnmọ́lá ni.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rí, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wá bọ Màmá lọ́wọ́, ó ní nínú gbogbo ilé inú géèmù náà, ti ọmọ rẹ̀ ló jọ òótọ́ jù. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ bá mi wá ẹwà tó wà nínú èyí.

Nínú mọ́tò, Màmá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Bíríkìlà wo, Mummy?"

Ohun tó dun Màmá jù nìyẹn. Ọmọ náà ò parọ́ fún un. Kò fìgbà kan sọ pé òun máa tún ilé ṣe, ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ irọ́ ló pa, ìyá rẹ̀ ì bá rí i bá wí.

"I thought you'd be happy," ni Ẹ̀rí wí. "Gbogbo ayé ló máa mọ ilé Daddy báyìí. Torí Daddy ni mo ṣe fi sàréè yẹn síbẹ̀."

Màmá kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi délé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Gàfárù pè. Òjò àkọ́rọ̀ ti wó ògiri iwájú, ó sì wó lu sàréè. Màmá na fóònù sí Ẹ̀rí kó lè fetí ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rí gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yà," ló wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ti ya fọ́tò ẹ̀."

Màmá gba fóònù padà. Gàfárù ń béèrè bóyá kóun kó búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò lórí sàréè, àbí kóun dúró de bíríkìlà Ẹ̀rí.

"Má dúró de ẹnikẹ́ni," ni Màmá sọ fún un. "Bá mi lọ síbi itẹ́ òkú ìjọba, níbi tí wọ́n ń sin àwọn tí ò lẹ́bí sí. Ní kí wọ́n bá mi wá àyè kan."